Ṣé ìbomú lè dáàbò bo ọlọ́kadà lọ́wọ́ èéfín epo bẹntiróòlù?

Àhesọ: Ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbọ́ pé bí ọlọ́kadà bá ti lo ìbomú, èéfín ọkọ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Àbájáde ìwádìí: Ó ń ṣini lọ́nà. Ìbomú lè dín eruku kù, àmọ́ kò lè dá atẹ́gùn inú èéfín epo dúró.

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé

Tí ẹ bá dé Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, pàápàá àdúgbò bíi Patte d'Oie, alùpùpù lẹ máa rí lọ súà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gùn ún ló ń lo ìbomú nítorí eruku, ìyẹn sì dáa.

Àwọn onímọ̀ láti Fásitì Gothenburg ní Sweden yẹ afẹ́fẹ́ ìlú náà wò lọ́dún 2007 àti 2010. Ìwádìí wọn, tó jáde lọ́dún 2012, fi hàn pé ohun méjì gbòógì ló ń ba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́: ọkọ̀, àti eruku ojú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí. Benzene àti toluene wà lára ohun tí wọ́n wọ̀n.

Inú epo bẹntiróòlù ni méjèèjì wà. Wọ́n jẹ́ ara èròjà oníkábọ̀nì tó máa ń tètè di atẹ́gùn, tí wọ́n ń pè ní VOC. Òun ni imú yín máa ń gbọ́ tí ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì epo. Tí oòrùn bá ràn wọ́n pẹ̀lú àwọn atẹ́gùn mìíràn láti inú ọkọ̀, wọ́n máa ń di ozone, tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Bí asẹ́ ni ìbomú rí: ó ń gba eruku dúró, atẹ́gùn ń kọjá. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ tí ẹ ṣì ń gbọ́ òórùn epo, ó ti wọlé nìyẹn. Èyí tó ní èédú àkànṣe nínú lè gba díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ kún.

Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fi benzene sí ara ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló sì ń fà jù. WHO ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tó dáa fún mímí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ta epo inú ìgò ní Kútọnu, ó sì kan ẹni tó ń fẹnu fa epo sínú jẹnẹrétọ̀ n'Ìbàdàn. Ẹ má fẹnu fa epo. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá dúró pẹ́, ẹ sì jìnnà sí ẹnu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó wà níwájú yín.

Àkótán

Ẹ máa lo ìbomú yín fún eruku. Àmọ́ ẹ má torí rẹ̀ rò pé èéfín epo kò lè dé inú yín.