Àgbà Wà Nínú Ọkọ̀, Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. À ń pa òwe yìí níbi ìpàdé, à ń pa á níbi ìgbéyàwó, à ń fi bá àwọn olóṣèlú wí. Ṣùgbọ́n lónìí ẹ jẹ́ ká mú un bó ṣe wà gan-an, láìfi ṣe àpèjúwe ohunkóhun. Ọmọ tuntun. Orí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tí kò tíì le. Kí ni à ń ṣe sí orí yẹn nígbà tí a bá wọ inú ọkọ̀?

Ohun tí à ń ṣe nìyí. Bàbá ń wa ọkọ̀, ó ti de bẹ́líìtì nítorí ọlọ́pàá. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, ó gbé ọmọ lé itan. Ọmọ oṣù mẹ́jọ dìde dúró lórí itan ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé iwájú ọkọ̀, ó ń wo ìta, inú gbogbo ilé ń dùn. Ọkọ̀ ń sá 90 lórí ọ̀nà ọ̀dà láti Kétu lọ sí Ìpóbẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù lọ ni a kò so mọ́ nǹkan kan. Mò ń rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, mò ń rí i lọ́jọ́ ọjà, mo sì ń rí i lọ́jọ́ ìkómọ, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ọmọ náà tán.

Kì í ṣe àwọn ìyá tó ń gun zẹ̀mì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn ni mò ń bá wí. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò lè ra àga ọkọ̀, kò sì sí àga ọmọ kankan tí a lè so mọ́ alùpùpù tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ ń wá láti Kútọnu tàbí Èkó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní yíyàn, ẹ kò sì yàn.

Olùkọ́ ni mí, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan tó sì dúró lójijì, ohunkóhun tí a kò so nínú rẹ̀ ṣì ń sá 50 lọ síwájú. Bí nǹkan náà bá gbá ara mọ́ iwájú ọkọ̀, ìkọlù náà dà bí ìgbà tó já bọ́ láti ibi tó ga ní mítà 10. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ọ̀pẹ lóko yín, ẹ wo ọ̀pẹ tó ga tó mítà 10 kí ẹ sì bi ara yín léèrè bóyá ẹ lè ju ọmọ yín sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ 90 ni ọkọ̀ ń sá, gíga náà ti kọjá mítà 30.

Ìyá yóò ní, "Ṣé mo dì í mú ni." Mo gbọ́, ìyá mi. Ọmọ kílò 10 ni. Bí ọkọ̀ bá ń sá 50 tó sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí ọmọ náà yóò fi já kúrò lọ́wọ́ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹrù kílò 140. Àpò àgbàdo kan jẹ́ kílò 100. Ta ni nínú wa tó lè fi ọwọ́ lásán gbá àpò kan àti ààbọ̀ mú bó ṣe ń fò lọ? Bí ẹ kò bá sì de bẹ́líìtì, ara yín ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ iwájú ọkọ̀. Bí ẹ bá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ara yín àti ọmọ ká, inú àárín bẹ́líìtì àti ara yín ni yóò ti há. Ìfẹ́ kì í ṣe bẹ́líìtì.

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ọmọ kì í rí àyè ké kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ.

Àwọn kan á ní, "Nǹkan òyìnbó nìyẹn, kì í ṣe àṣà wa." Àṣà wa kẹ̀? Kí ni ọ̀já ń ṣe? Ìgbà wo ni ìyá yín fi aṣọ lásán pọ̀n yín tó wá fi ọwọ́ di ìdí yín mú láti ilé títí dé oko? Ó pọ̀n yín, ó fi ọ̀já gbà á, ó tún un so, ó mi ara rẹ̀ wò bóyá ó dúró, kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, síbẹ̀ kò fọkàn tán ọwọ́ rẹ̀. Àga ọmọ ni ọ̀já inú ọkọ̀. Ẹni tó sọ pé kò sí nínú àṣà wa láti so ọmọ, kò mọ àṣà wa.

Òyìnbó pàápàá kò bí i mọ́ra. Ní ilẹ̀ Sweden, ọdún 1964 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Bertil Aldman dán àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn wò. Ibi tó ti rí ọgbọ́n náà ni bí àwọn tó ń lọ sí òfurufú ṣe máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn bá ń gbéra. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni òfin àkọ́kọ́ lórí àga ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, orí itan ni àwọn náà ń gbé ọmọ wọn sí, wọ́n sì ń sin wọ́n. A gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, a gba rédíò inú rẹ̀, a gba ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ìgbà tó wá kan ohun tó ń dá ẹ̀mí ọmọ sí ni a rántí pé ọmọ Yorùbá ni wá.

Àwọn mìíràn á ní, "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọmọ." Àmín. Ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ ṣì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́, ó sì ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn mìíràn á ní ọmọ máa ń sunkún nínú àga. Ó ń sunkún nígbà abẹ́rẹ́ náà. Ọmọ tí a bá gbé sínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní kékeré, ara rẹ̀ máa ń mọ́ ọn. Bí ìrìn bá jìn, ẹ dúró lọ́nà, ẹ gbé e jáde, ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ tó máa lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tí à ń pè ní OMS sọ pé àga ọmọ tí a lò bó ṣe yẹ lè dín ikú ọmọ ọwọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kù dé ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Èwo nínú oògùn tí à ń rà fún ọmọ ló ń ṣe tó bẹ́ẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ jà. Nígbà ìkómọ, a máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a ń gbé orin wá, a ń se ìrẹsì fún odidi àdúgbò. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò jẹ nínú rẹ̀, kò wọ̀ nínú rẹ̀. Kí ẹbí tó bá ní ọkọ̀ yọ owó aṣọ ẹgbẹ́ kan kúrò, kí wọ́n fi ra àga fún ọmọ náà. Kí àwọn ìyá ọkọ, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ dá a jọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Paris, ní Èkó, ní Amẹ́ríkà, dípò àpò aṣọ tí ọmọ kò ní lè wọ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ fi àga ránṣẹ́, kí ìwé ìlànà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ tí kò yé àwọn ará ilé, ẹ mú un lọ bá olùkọ́ tó wà nítòsí yín. Kò sí olùkọ́ tí kò lè kà á fún yín.

Irú èwo wá ni kí ẹ rà? "Siège auto" ni wọ́n ń pè é ní Kútọnu. Ọ̀kan wà tó dà bí apẹ̀rẹ̀ tó ní ọwọ́, ọmọ máa ń tóbi jù ú lọ láàárín bí ọdún kan. Èyí tó bá àpò wa mu ni èyí tó ń yí padà: ọmọ á kọ́kọ́ máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà tó bá dàgbà tó, ẹ ó yí i kó máa wo iwájú, títí yóò fi wọn bí kílò 18, ìyẹn bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Owó kan, àga kan, ọdún mẹ́rin.

Ẹ má ṣe kánjú yí i síwájú. Ibí ni òwe àwọn bàbá wa ti ń ṣẹ. Orí ọmọ tuntun jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀. Ti àgbà kò ju bí ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì tí ọmọ sì kọjú síwájú, orí ńlá yìí á fa ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Bó bá kọjú sẹ́yìn, àga á gba ẹ̀yìn, ọrùn àti orí rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà tuntun ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní R129 ní ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú kó tó pé oṣù 15. Láti 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé kó máa wo ẹ̀yìn títí yóò fi dé òpin ìwọ̀n tí àga náà lè gbà. Ẹ má sọ fún mi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ọmọ tó ń ká ẹsẹ̀ jókòó lórí ẹní látàárọ̀ kò ráhùn.

Ẹ wo àlẹ̀mọ́ ara rẹ̀. Èyí tó wá láti Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà E nínú òbìrí, pẹ̀lú R44 tàbí R129. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2024, àwọn ilé ìtajà ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ta R44 mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ti ní i ṣì lè máa lò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí R44 tí wọ́n pè ní tuntun, ẹ wo ọdún tí wọ́n ṣe é. Èyí tó wà nínú òkìtì "venu de France" ńkọ́? Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó lò ó, ẹ fi sílẹ̀. Àga tó ti wà nínú ìjàǹbá lè ti sán nínú kí ojú má rí i. Èyí tí àbúrò yín lò, tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀, tí okùn rẹ̀ pé, tí kò tíì gbó, ìyẹn dára.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tiyín wò, sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí à ń wà kò ní ìkọ́ ISOFIX, nítorí náà ẹ ra èyí tí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè dì, kí ẹ sì rí i pé bẹ́líìtì náà gùn tó. Bí ẹ bá dì í tán, ẹ mú un níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju bí ìbú ìka méjì lọ. Láéláé, ẹ má gbé àga tó kọjú sẹ́yìn síwájú ọkọ̀ tí airbag rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí airbag bá fẹ̀ jáde, orí ọmọ ni yóò gbá. Nígbà ọyẹ́, ẹ bọ́ súwẹ́tà tó nípọn kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fa okùn àga le, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó lórí okùn. Nígbà oòrùn, ẹ fọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ sí i.

Ẹ̀yin onítaksí, mo mọ̀ pé èèyàn mẹ́rin tí ẹ ń kó sẹ́yìn kò jẹ́ kí àyè àga wà. Ṣùgbọ́n ẹ fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde lábẹ́ aṣọ ìjókòó tí ẹ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má sì gbé ìyá ọlọ́mọ síwájú mọ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí mú wa nítorí kásìkì, a pariwo, a bú ìjọba. Lónìí, ẹni tí kásìkì yọ nínú ewu ń dúpẹ́. Ṣé ọlọ́pàá ló tún gbọ́dọ̀ wá kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí a fúnra wa bí? Ọmọ kò lè bèèrè àga. Kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé ọkọ̀ lòun wà. Àgbà tó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ni ẹjọ́ orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìkómọ tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi bàbá ọmọ léèrè ní gbangba: "Àga dà?" Ire o.