Ta ni ó ni ìwé orúkọ ẹgbẹ́?

Ẹgbẹ́ alájọ pọ̀ ní ọjà Dàntókpá ní Kùtọnu, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ìwé orúkọ tirẹ̀. Láyé ìgbà kan, ìwé náà kò ju kàyé kan lọ, tí akọ̀wé ń dì mọ́ inú aṣọ. Orúkọ wà nínú rẹ̀, iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá wà nínú rẹ̀, nígbà mìíràn kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ tí ó lè kà á. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìwé orúkọ ti kúrò nínú kàyé, wọ́n ti wọ inú ẹ̀rọ ìléwọ́. Wọ́n wà nínú WhatsApp, wọ́n wà nínú Google, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń polówó ọjà mọ̀ pé ìwé orúkọ ẹgbẹ́ níye lórí ju ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri lọ. Wọn a lọ bá ìyá ẹgbẹ́, wọn a kúnlẹ̀ kí i dáadáa, wọn a sì wí pé: «Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a so ìwé orúkọ ẹgbẹ́ yín mọ́ ètò ìpolówó wa. Ẹ kò ní ṣe wàhálà kankan, ẹ̀rọ ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀.» Wọn kò purọ́, ẹ̀rọ ni yóò ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà ṣàlàyé bí yóò ti ṣe é, àlàyé náà kò sì le.

Àwọn ètò kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n so ètò orí kọ̀ǹpútà kan mọ́ òmíràn. Wọ́n dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011, Zapier ni orúkọ rẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Make. Òmíràn ń jẹ́ n8n, ìlú Berlin ní Jámánì ni ó ti wá. Ẹni tí yóò lò wọ́n kò nílò láti mọ èdè kọ̀ǹpútà rárá. Òfin kan ni yóò fi lélẹ̀: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ̀rọ ṣe ìyẹn. Bí àpẹẹrẹ, bí akọ̀wé bá kọ orúkọ tuntun sínú ìwé orúkọ tí ó wà ní Google, kí ẹ̀rọ da orúkọ náà kọ sínú ètò ìpolówó bí Mailchimp. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ó fi òfin náà lélẹ̀. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé lè máa sùn, ó lè máa ta ata rẹ̀ lọ́jà, ẹ̀rọ kò ní gbàgbé. Ó dà bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá la ojú omi láti oko kan sí oko kejì. Omi kì í tún béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣàn.

Ohun rere wà nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ìbẹ̀rù kọ̀ ọ́. Akọ̀wé tí ń fi ọwọ́ da 200 nọ́ńbà kọ yóò ṣe àṣìṣe, ẹni tí a ṣì nọ́ńbà rẹ̀ kọ kò sì ní gbọ́ nípa ìpàdé. Bí ẹgbẹ́ bá so ìwé orúkọ ara rẹ̀ mọ́ ètò tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ránṣẹ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò gbọ́ ìròyìn ní wákàtí kan náà. Àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí ní àpapọ̀ lè fi sọ iye owó ọjà fún àwọn oníbàárà wọn, bí àwọn oníbàárà náà bá ti ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún àwọn.

Ṣùgbọ́n ìyá tí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájọ fi í sílẹ̀ kí wọ́n lè pè é ní ọjọ́ tí àjọ bá kàn án. Kò fi í sílẹ̀ kí ẹni tí ń ta ọṣẹ, tàbí ẹni tí ń yáni lówó èlé, máa ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. A fi orúkọ náà pa mọ́ sọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí a gbé ewúrẹ́ fún láti sìn kò lè tà á, kí ó wá ní ẹ̀rọ ni ó tà á.

Ewu mìíràn wà tí ó ju ariwo ìpolówó lọ. Ìwé orúkọ alájọ ń fi ẹni tí ó ń kó owó jọ han ayé. Bẹ̀nẹ̀ kò tíì gbàgbé ọdún 2010, nígbà tí ọ̀ràn ICC Services bú jáde, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù owó tí wọ́n ti fi òógùn kó jọ. Lónìí, àwọn gbájú-ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ará ìlú ń pè ní gayman kò nílò ohun púpọ̀: orúkọ, nọ́ńbà, àti ìmọ̀ pé ẹni náà ń dá àjọ. Wọn a pe ìyá náà ní orúkọ àbísọ rẹ̀, wọn a ní akọ̀wé tuntun ni àwọn, wọn a sì ní kí ó fi owó ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ lórí MoMo. Ibi kọ̀ọ̀kan tí a bá da ìwé orúkọ kọ sí, ilẹ̀kùn kan sí i ni fún olè. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà.

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tí ó dáàbò bo orúkọ àti àṣírí ènìyàn láti ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2009. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ìjọba tún gbé òfin ńlá jáde lórí ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique. Òfin náà béèrè pé kí a gba àṣẹ ẹni kí a tó máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí i. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì kọ̀ bí kò bá fẹ́. Ilé iṣẹ́ tí ń bójú tó èyí ni APDP, Kùtọnu níhìn-ín ni ó wà. Àwọn tí ó ni Mailchimp pàápàá kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ìwé orúkọ tí ó rà tàbí tí ó yá wá sínú ètò wọn.

Ohun tí ó ṣòro ni àṣẹ gbígbà yìí. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà á? Ìwé kan ni, ní èdè Faransé, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà, àpótí kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí a ó fa ìlà sí. Obìnrin tí ó lo oṣù mélòó kan ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí ó ń ka èdè Yorùbá geere, tí ó ń kọ iye owó ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò tún padà di ẹni tí a ń di ọwọ́ rẹ̀ mú láti fa ìlà. Èyí kì í ṣe àṣẹ. Bí ilé iṣẹ́ kan bá lè polówó ọṣẹ rẹ̀ ní Yorùbá, ní Fọ̀n àti ní Dẹ́ńdì lórí rédíò, ó lè kọ ìlà mẹ́ta ní èdè wọ̀nyí kan náà: ohun tí yóò fi nọ́ńbà ṣe, ibi tí yóò kó o lọ, àti bí ènìyàn ṣe lè ní kí wọ́n yọ òun kúrò. Ìlà mẹ́ta péré. Kí wọ́n kà á sókè ní ìpàdé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ «mo gbà» tàbí «n kò gbà». Kí ìyá ẹgbẹ́ má ṣe dáhùn fún gbogbo ènìyàn.

Yíyọ orúkọ kúrò tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń gbé orúkọ tuntun lọ kì í sábà gbé ìyọkúrò lọ. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá lọ, tí akọ̀wé sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ti Google, orúkọ náà lè wà síbẹ̀ nínú ètò ìpolówó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àṣìṣe náà kì í kúrò níbẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí nọ́ńbà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní 8 tí ó di 10, tí 01 sì bọ́ síwájú, gbogbo ìwé orúkọ ni ó di dandan láti tún kọ. Ìwé tí ó ní olùtọ́jú ni wọ́n tún ṣe.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kankan tó gbà, kí akọ̀wé kọ́kọ́ fi orúkọ tirẹ̀ nìkan dán an wò. Kí ó jẹ́ kí wọ́n so ó, kí ó gba ìpolówó wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ó ní kí wọ́n yọ òun kúrò, kí ó sì ka iye ọjọ́ tí yóò gbà wọ́n kí ìpolówó náà tó dúró. Kí ó kọ ọjọ́ náà sínú kàyé, kí ó sì kà á fún ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀.