Agbẹjọ́rò Tí Ilẹ̀ Yewa Ń Fẹ́

A kì í ti kóòtù dé kí a ṣọ̀rẹ́: báyìí ni àwọn àgbà máa ń wí, òwe náà kì í sì í ṣe irọ́. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí kò gbọ́ ìtàn ẹbí tí ó ta oko kan kí ó lè rí owó ṣe ẹjọ́ lórí oko kejì. Nígbà tí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ bá fi parí, àwọn tí ó pè é yóò ti di arúgbó, igbó yóò ti bo igi obì, àwọn ọmọ ìyá kan náà kò sì ní jọ jẹun mọ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé agbẹjọ́rò ni ó ń dá ìjà ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe iṣẹ́ náà. Àṣìṣe ni èrò yìí. Kì í ṣe pípọ̀ tí agbẹjọ́rò pọ̀ ni ó ń fa àdánù wọ̀nyí. Àìtètè rí agbẹjọ́rò tí ó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dunjú ni ó ń fà á.

Láyé àwọn baba ńlá, ilẹ̀ kò ní ìwé. Pèrègún àti odò ni ààlà, ẹnu àgbà sì ni àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáko yóò gbé obì àti ọtí lọ bá olórí ẹbí, wọn yóò fi ilẹ̀ hàn án, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà ní ilẹ̀ yìí, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995. Ní 1979 ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì sílẹ̀ ní Ìlaròó. Ní 2012 ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ibese. Níbi tí ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà ọ̀dà àti ilé-iṣẹ́ bá dé, ilẹ̀ a gbówó lórí. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti gbówó lórí, pèrègún nìkan kò tó ẹlẹ́rìí mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé agbẹjọ́rò ilẹ̀ lè ṣe ìlú láǹfààní, kí ó rántí ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó. Ìjọba àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, wọ́n sì wí pé ẹ̀tọ́ olóyè náà lórí rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Ilé-ẹjọ́ ti Nàìjíríà fara mọ́ èyí. Olóyè náà kò gbà; ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Wọ́n ní àwùjọ ni ó ni ilẹ̀, olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni, àti pé owó gbà-má-bìnú tí ìjọba yóò san gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ni nǹkan. Kò sí ọfà, kò sí ìbọn nínú ogun náà. Ìwé, ẹ̀rí àti àlàyé ni ohun ìjà.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀, tí ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe ní 1978, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tí kò sí ní ìgboro. Bí ìjọba bá nílò ilẹ̀ kan fún ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn, ó lè gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ san owó ilé, owó igi àti owó irè oko tí ó wà lórí rẹ̀. Ní ti ilẹ̀ gan-an, kìkì owó-ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba ní ọdún náà ni òfin ní kí wọ́n dá padà. Kí olúkúlùkù kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àgbẹ̀ tí kò jẹ́ kí a ka igi obì àti igi kòkó rẹ̀, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀, yóò sunkún nígbà tí katakata bá ti wó wọn tán. Agbẹjọ́rò tí ó bá ṣáájú katakata dé oko ni ó wúlò jù; èyí tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ohun púpọ̀ tọ́ka sí.

Nítorí náà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wígì àti aṣọ dúdú nìkan. Bàtà oko ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé tí ó péye, ìlò tí ó ti ń lo ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀, bíi kí ó máa fi í háyà tàbí kí ó máa tà nínú rẹ̀, gbígbé tí ó ti pẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Agbẹjọ́rò rere yóò jókòó ti àwọn àgbà kí wọ́n tó papò dà, yóò kọ ìtàn wọn sílẹ̀, yóò bá awọnlẹ̀ rìn yí ààlà ká, yóò sì wo ìwé títí ojú yóò fi ta á. Ẹnu dídùn kò tó. Bí ìtàn ìhà méjèèjì bá takora, adájọ́ a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní àìpẹ́, kí ó fi mọ ìtàn tí ó ṣe é gbà gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Apá kejì iṣẹ́ náà wà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà, ibùdó ọkọ̀, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, orúkọ òpópónà àti kíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ìlaròó ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa. Ayétòrò ni ti Àríwá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Ìjọba tí owó ń dé ọwọ́ rẹ̀ nílò agbẹjọ́rò tí kò bẹ̀rù láti wí fún alága pé, “Ẹ má tíì wó ìsọ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà wọ̀nyí, ẹ kò tíì fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀.” Ọ̀rọ̀ kan bẹ́ẹ̀, bí a bá sọ ọ́ ní àkókò, yóò gba ìjọba lọ́wọ́ ẹjọ́, yóò sì gba ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ ebi.

Ilẹ̀ Yewa tún ní ìṣòro ti ẹnubodè. Ní 1889 àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì fa ìlà la àárín àwọn ènìyàn tí ó ń sọ èdè kan náà. Ìdí nìyí tí ẹbí kan fi lè ní oko ní ìhà Nàìjíríà, kí ó sì ní òmíràn ní ìhà Kétu. Òfin ilẹ̀ tí Orílẹ̀-èdè Benin ṣe ní 2013 yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, èdè Faransé ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ọmọ Yewa tí ó bá kọ́ òfin, tí ó gbọ́ Faransé, tí ó sì ń bá agbẹjọ́rò ìhà kejì ṣiṣẹ́ pọ̀, yóò ṣe irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ní oore tí àlejò láti ọ̀nà jíjìn kò lè ṣe.

Àwọn kan yóò wí pé àgbà ìlú tó láti parí ìjà ilẹ̀. Òótọ́ ni pé ìmọ̀ràn àgbà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ìhà kan bá sì lówó ju èkejì lọ, ó lè ṣòro kí etí gbọ́ tàwọn méjèèjì. Agbẹjọ́rò tí ó gbọ́n kì í bá àgbà dù ú. Bí àwọn àgbà bá ti parí ìjà, òun ni yóò kọ ìpinnu wọn sílẹ̀ lọ́nà tí òfin yóò fi mọ̀ ọ́n, kí àwọn ọmọ má bàa tún un jà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé agbẹjọ́rò burúkú wà. Ó wà lóòótọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹjọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí ó sì ń gba owó opó lórí rẹ̀, olè ni. Ẹni tí ó ń ran àwọn jàǹdùkú ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ kò sàn jù ú lọ, nítorí Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣòfin ní 2016 tí ó ka fífi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọ̀bẹ gé ni lọ́wọ́ kí a má fi ọ̀bẹ gé iṣu mọ́. Àwọn ọmọ rere ni kí ó wọ inú iṣẹ́ náà, kí àwọn ẹni burúkú má bàa dá a ṣe.

Ọ̀nà iṣẹ́ yìí gùn, ṣùgbọ́n kò dí. Nígbà tí Sapara Williams di agbẹjọ́rò ní 1879, tí Stella Thomas sì di agbẹjọ́rò ní 1933, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn méjèèjì ti gba oyè náà. Láti 1963 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ti wà ní Nàìjíríà. Lónìí, ọmọ tí ó bá jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama yóò lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, yóò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò lẹ́yìn náà. Kí ó mú Gẹ̀ẹ́sì ní pàtàkì, kí ó má fi Yorùbá ṣeré, nítorí Yorùbá ni àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ yóò fi sọ ìtàn ilẹ̀. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, bí ó bá gboyè tán, kí ó má ṣe rò pé Èkó nìkan ni owó wà.

A kò gbọdọ̀ fi iye ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò ilẹ̀ jàre rẹ̀ nìkan wọn iṣẹ́ rẹ̀. Iye ẹjọ́ tí kò jẹ́ kí ó dé kóòtù rárá ni òṣùwọ̀n tí ó dára jù. Àwọn tí ó tẹ Ayétòrò dó fún un ní orúkọ tí ó dára. Níbi tí ààlà kò bá ti dá ẹnikẹ́ni lójú, ayé kò lè tòrò. Ọmọ tí ó bá kọ́ iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn, tí ó sì padà wá ṣe é nílé, òun ni yóò jẹ́ kí orúkọ ìlú náà ro ìlú náà.