Ẹ ṣírò kí ẹ tó ra orúkọ oníbàárà



Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ra orúkọ oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni mẹ́ta, mẹ́rin! L'Amẹ́ríkà lọ́dún 2023, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìṣòwò pàṣẹ kí HomeAdvisor san owó tó lè tó mílíọ̀nù 7.2 dọ́là, lórí ẹ̀sùn pé ó tan àwọn oníṣẹ́ jẹ nípa irú oníbàárà tó ń tà fún wọn. Ẹni tó ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ra orúkọ mẹ́wàá tí ẹnì kan péré gbéṣẹ́ fún yín, ṣé èrè iṣẹ́ kan yóò kájú owó orúkọ mẹ́wàá? Bí kò bá kájú rẹ̀, ẹ má dán an wò. Oníbàárà tí ẹ ṣe dáadáa fún ló máa mú ẹlòmíràn wá, kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Káfíńtà kan, Ìbàdàn.