Elise Tó fún Yín

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba, tí ẹ ń ṣẹ́ owó jọ nítorí Lotus àlòkù, Elise ni kí ẹ rà. A mọ̀ pé Exige ló wù yín.

Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí Exige ìran kejì jáde ní 2004, ẹ́ńjìnnì Toyota 1.8 tó wà nínú Elise 111R náà ni wọ́n gbé sí i. Kí wá ni ẹ ń fi owó lé? Òrùlé líle, àti ìyẹ́ ẹ̀yìn tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Lórí pápá eré ọkọ̀, níbi tí ẹ ti ń sáré wọ kọ́nà, ó wúlò gan-an. Ní títì tí òfin ti ní kí ẹ má kọjá máìlì 70, kí ló fẹ́ ṣe? Nínú Exige S, intercooler ló dí gíláàsì ẹ̀yìn pa. Ẹ fi ìyẹn rífáàsì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé, kí a wò ó!

Wíwọ inú Elise náà le fún ẹni tó ga, ṣùgbọ́n ẹ lè ká òrùlé rẹ̀ kúrò kí ẹ tó wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ ń lọ sí pápá, táyà gidi àti páàdì bíréèkì tuntun ti tó. Ẹni tó ní ọkọ̀ mìíràn fún iṣẹ́ àti ọjà, tó sì ń lọ sí pápá lóṣooṣù, kó gbé Exige. A ò bá a jà.