Ibo Ni A Ó Ti Rí Iye Àwọn Aláìsàn Jẹjẹrẹ?

Àjọ àgbáyé IARC fojú bù ú pé àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún 2022 lé ní 127,000. A kò tíì kà wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni irú iye yìí ni a fi ń mọ ìlú tí ẹ̀rọ ìtọ́jú yẹ kí ó lọ.

Ìwé ilé-ìwòsàn kan ṣoṣo kò tó. Ẹni tí ó kú sílé kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí ilé-ìwòsàn méjì lè di ènìyàn méjì. CanReg5, ètò kọ̀ǹpútà tí IARC ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, lè tọ́ka sí orúkọ tí ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó kú sílé ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ni yóò fi ẹsẹ̀ wá a kiri. Iye ará ìlú tí a ó sì fi pín iye aláìsàn, ti ìkànìyàn 2006 ni.