Títẹ Fóònù Kì í Ṣe Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbé kiri lọ́kàn, a sì rò pé ojú ewé Yorùbá yìí ló yẹ kí a ti sọ ọ́. Bí àwọn àgbà bá rí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù wàràwàrà, wọn a ní, "Àwọn ọmọ ayé òde òní! Kò sí ohun tí wọn kò mọ̀ nínú ẹ̀rọ." Ọ̀rọ̀ ìwúrí ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló mọ bí a ṣe ń tẹ ẹ̀rọ, wọn kò mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń gbà kọ́ wọn kò lè yọ wọ́n nínú àìmọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Yoko. Ọ̀kan nínú arrondissement mẹ́fà tó wà lábẹ́ Sakété ni Yoko. Pobè kò jìnnà síbẹ̀, ilẹ̀ Nàìjíríà sì wà ní ìlà oòrùn Sakété. Nàgó ni ọmọ ń gbọ́ nílé, Faransé ni tíṣà fi ń kọ́ ọ ní kíláàsì. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n ń wo fídíò, wọ́n ń fi fóònù gba owó, wọ́n sì ń fi san owó. Ẹ wá sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ojú ewé kan, kó tọ́jú rẹ̀, kó wá a rí lọ́jọ́ kejì, kó sì fi ímeèlì rán an. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti dúró. Ẹ bi í pé níbo ló fi lẹ́tà náà sí, yóò ní, "Ó wà nínú kọ̀ǹpútà." Ó dà bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, tó ní inú igbó ló wà.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ tàbí pé orí rẹ̀ kò pé. Bí wọ́n ṣe ṣe fóònù ló fà á. Fóònù a máa fi ibi tí nǹkan wà pamọ́ fún ẹni tó ń lò ó. Fọ́tò ń yọjú bí a bá ti ṣí ibi tí à ń wo fọ́tò, orin ń yọjú níbi tí à ń gbọ́ orin. A kò ní láti mọ̀ pé fáìlì ni wọ́n, pé wọ́n ní orúkọ, pé wọ́n ní ibùgbé, pé a lè ṣe ẹ̀dà wọn tàbí kí a kó wọn lọ síbòmíràn. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè má tíì pàdé fáìlì rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlú kékeré nìkan. Ní 2001, ará Amẹ́ríkà kan, Marc Prensky, pe àwọn ọ̀dọ́ ní onílé nínú ayé ẹ̀rọ, ó pe àgbà ní àlejò. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tí wọ́n wá fi ìdánwò wò ó ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú ìwádìí ICILS ti 2018, tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹjọ ní ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ bíi Jámánì, Faransé, Denmark àti Amẹ́ríkà, ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún (2%) ló dé ipele tó ga jù, ìyẹn àwọn tó lè dá wá ìròyìn, tí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé gbára lé, tí wọ́n sì lè fi ṣe iṣẹ́ tó gúnrégé. Ilẹ̀ tí iná kì í ṣẹ́ ni wọ́n wà, kọ̀ǹpútà sì wà nílé wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, a jẹ́ pé níní ẹ̀rọ lọ́wọ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ní láti kọ́ ọmọ.

Báwo wá ni ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ ọ? Níbi tí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà bá tilẹ̀ wà, ní ìhà ọ̀dọ̀ wa àti ní ìhà Nàìjíríà, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé tíṣà yóò ya kọ̀ǹpútà sójú pátákó. Yóò kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i, ọmọ yóò dà á kọ, yóò kọ́ ọ sórí, yóò sì kọ ọ́ jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Ọmọ lè gba mẹ́rìndínlógún nínú ogún láìfọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí. Ta ló ti kọ́ ọmọ ní ìlù báyìí rí? Orúkọ awọ, orúkọ ọ̀pá àti orúkọ igi ìlù kò sọ ẹnikẹ́ni di onílù.

Ẹ wo ti JAMB ní Nàìjíríà. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, nígbà tó sì di 2015, kọ̀ǹpútà ni gbogbo ènìyàn fi ń ṣe é. JAMB rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò lo màósì rí, wọ́n wá ṣètò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré dáhùn gbogbo ìbéèrè: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti yí ọkàn padà. A kò bá wọn wí, àánú ni wọ́n ṣe fún ọmọ tálákà. Àmọ́ ètò náà ń jẹ́rìí sí nǹkan kan: ọmọ lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ wọ yunifásítì, kí gbogbo ènìyàn sì máa rò pé ó ti mọ kọ̀ǹpútà.

Fífún ọmọ ní ẹ̀rọ náà kò tó. Ní 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ló kún inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ dùn, ó sì sọ ẹrù ìwé di fífúyẹ́ lórí ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé nínú ẹ̀rọ, ìwé ló ń kà. Kò tíì fi ẹ̀rọ ṣe ohunkóhun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kọsẹ̀ níbí. Ní oṣù kìíní 2012, Royal Society gbé ìwádìí jáde pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò kọ́ ju bí a ṣe ń tẹ ìwé lọ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2014, ìjọba wọn fi ẹ̀kọ́ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ẹ̀kọ́ tuntun náà ń kọ́ ọmọ láti ìgbà èwe bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí a ṣe ń pàṣẹ fún un.

Àwọn kan lè ní kí ló kan àwa nínú èyí. Ó kàn wá lọ́nà méjì.

Ọ̀nà kìíní ni pé ìjọba ti kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Benin, ọmọ tó bá yege BAC, orí apresmonbac.bj ni yóò ti yan ohun tó fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Orí service-public.bj ni a ti ń béèrè ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe yóò gbé orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti owó rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n yóò bá a ṣí ímeèlì, yóò bá a ṣe páswọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn yóò tún bá a yan ẹ̀kọ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá kó kúrò ládùúgbò ńkọ́? Bí ọmọ kò bá mọ páswọ́ọ̀dù ara rẹ̀, ta ni ilẹ̀kùn yóò ṣí fún? Ọjọ́ iwájú ọmọ ti di ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọmọ náà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀mọ̀ràn ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kejì kan èdè, òun ló sì kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè gan-an. Kíbọ́ọ̀dù AZERTY ti Faransé ló wọ́pọ̀ ní Benin. Lórí rẹ̀, é àti è wà níbi tí ìka kan lè tẹ̀ wọ́n. Nínú Faransé, irú fáwẹ̀lì ni àmì wọ̀nyẹn ń sọ: é jọ e tiwa, è jọ ẹ. Nínú Yorùbá, ohùn ni àmì orí lẹ́tà ń sọ. Nítorí náà, bí ọmọ Yoko bá fẹ́ kọ ẹ̀wà tí à ń jẹ àti ẹwà tó wà lójú arẹwà, "èwà" ni yóò tẹ̀ fún méjèèjì. Ẹ wo orúkọ Pobè àti Sakété fúnra wọn: ẹni tó kàwé ní Ìbàdàn yóò ka ohùn sí àmì tó wà lórí wọn, fáwẹ̀lì sì ni Faransé fi wọ́n sọ.

Kì í ṣe pé a kò ní ìlànà. Láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè, wọ́n tún un ṣe ní 1990 àti 2008. ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ ohun tí Nàìjíríà ń kọ ní ẹ àti ọ. AZERTY kò ní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe òkúta, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Windows ní ti Yorùbá, Gboard orí fóònù náà ní in, a kò sì ní san kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tí kò mọ̀ pé a lè wọ inú ètò ẹ̀rọ lọ yí i padà yóò rò pé èdè òun ni kò bá kọ̀ǹpútà mu. Àìmọ ẹ̀rọ ló di ìtìjú èdè yẹn.

Ó tún kù. Lẹ́tà ẹ́ tí ẹ ń wò yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tẹ̀ ẹ́ nínú Unicode: ẹ tí a fi àmì òkè kún, é tí a fi ẹ̀ẹ́kán ìsàlẹ̀ kún, tàbí e lásán tí a fi méjèèjì kún. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí wọn kò tíì kọ́ láti mú wọn dọ́gba, mẹ́ta ni. Bí ẹ bá kó oríkì igba ìdílé jọ, tí ẹni mẹ́ta sì tẹ̀ ẹ́ lọ́nà mẹ́ta, ẹ̀rọ lè wá ọ̀rọ̀ kan kó ní kò sí níbẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà ń kọ́? Bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ AUDIO-0007, tí kò sí ọjọ́, ìlú tàbí orúkọ ẹni tó sọ ọ́, tó sì wà nínú fóònù kan ṣoṣo, ọjọ́ tí fóònù bá jábọ́ sómi ni àlọ́ náà kú. Ìyá àgbà lè má sí mọ́ láti tún un pa. Láti 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá. Ohun tí ènìyàn bá kọ sílẹ̀ ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kà láti kọ́ èdè. Bí Nàgó Yoko kò bá sí nínú ohun tí wọ́n kọ, kò ní sí nínú ohun tí ẹ̀rọ mọ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí iná, kò sí kọ̀ǹpútà, kí ni kí tíṣà ṣe? Òótọ́ ni, a kò sì ní fi ẹnu tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe fóònù ni à ń bá jà. Fóònù tí wọ́n fi ń wo fídíò lè tọ́jú fáìlì, ó lè gba kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ó lè ṣe ẹ̀dà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ọmọ mẹ́wàá ń gbà lò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju àwòrán mẹ́wàá lójú pátákó lọ.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Èkíní, kí iṣẹ́ ṣáájú orúkọ. Kí ọmọ gba àlọ́ kan lẹ́nu àgbà, kó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kó fún fáìlì ní orúkọ tó nítumọ̀, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn, kó sì fi ímeèlì rán an sí tíṣà. Ẹni tó bá ṣe èyí tán ti mọ kọ̀ǹpútà ju ẹni tó ka orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lórí lọ. Èkejì, kí á fi èdè ọmọ ṣàlàyé. "Dossier" àti "folder", èdè àlejò ni méjèèjì lójú ọmọ Yoko. Bí a bá ní àpò tí à ń kó ìwé sí, tí àpò kékeré sì lè wà nínú àpò ńlá, yóò yé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ìdánwò jẹ́ ti ọwọ́: kí ọmọ ṣe nǹkan níwájú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀kẹrin jẹ́ tiwa. Ìsinmi ńlá ń bọ̀, ọ̀pọ̀ wa yóò padà sílé. Kí àwọn tó bá ní kọ̀ǹpútà mú un dání. Kí á bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìmáàmù tàbí pásítọ̀ àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n yá wa ní yàrá kan. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín fáwẹ̀lì àti ohùn ló yẹ kó fi han ọmọ bí a ṣe ń kọ ẹ̀wà kó má di ẹwà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ ti ní aṣọ, fóònù ni. Àkísà ni ìrírí, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló sì ń mú un wá. Ẹ jẹ́ kí á fún wọn níṣẹ́ ṣe.